Ọjọ́ Kan Gbáko Lójú Ọ̀run, Ẹ̀gbẹ́ Èkó La Ṣì Wà

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni, a ti Máàsì dé, a ń jẹun, màámi kàn ṣàdédé bi mí pé, "Nínú London tí bọ̀dá ẹ wà yẹn àti Bahia ní Brazil tí ìwọ máa ń gbé aṣọ lọ, èwo ló jìn jù?" Mi ò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú abọ́. Mo ní, "Ha, Màámi, Bahia ni kẹ̀, á tó ìlọ́po mẹ́ta London." Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n bu ọbẹ̀ kún tiwọn. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó tún la ẹnu, wọ́n ní, "Tó bá wá jìn tó yẹn, kí ló dé tí màmá àgbà máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bíi pé ẹ̀yìnkùlé wa ló wà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Màmá àgbà tí wọ́n ń wí yẹn ni ìyá tó bí ìyá wọn, ọmọ Pópó Àgùdà pọ́ńbélé, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ìyá tó jẹ́ pé tí Good Friday bá dé tí wọn ò bá se frejon, ẹ̀wà alágbọn yẹn, ilé ò ní rójú lọ́jọ́ náà. Màámi ní tí màmá bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ Bahia, ṣe ni wọ́n máa ń nawọ́ sí ọ̀nà òkun báyìí, fìì, bí ẹni tó ń júwe ilé aládùúgbò fún àlejò.

Ìdí mi ni mo fi wọ̀n ọ́n

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ń yí kiri lórí mi, mo wà ní Ìsẹ́yìn níbi tí mo ti ń gba aṣọ òkè lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, mò ń rò ó, mo há sínú gosílóò lórí Third Mainland, mò ń rò ó. Torí mo mọ̀ nínú ara mi pé mi ò wo ibì kankan kí n tó dá ìyá mi lóhùn. Ìdí mi ni mo fi wọ̀n ọ̀nà yẹn. Ìdí tó ti jókòó fún wákàtí mẹ́tàdínlógójì láti Èkó dé Bahia ló fèsì lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, orí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹ sì wo ti London. Bọ̀dá mi á wọ bàálù ní Ìkẹjà lálẹ́, wọ́n á fún un lóúnjẹ, á sùn díẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, ó ti dé. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Lẹ́kí lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tí tírélà sì ṣubú, ẹ bi í léèrè, á sọ fún yín pé London ò jìnnà rárá. Àwa náà kì í sọ pé ó jìnnà. A máa ń sọ ọ́ báyìí pé "ó wà ní London níbẹ̀ yẹn", bíi pé Súrúlérè ni.

Ṣùgbọ́n Brazil, tí mo bá sọ fún èèyàn pé ibẹ̀ ni mò ń lọ, wọ́n á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná. "Ha! Ọ̀nà jìn o." Wọ́n á gbàdúrà fún mi. Ẹnì kan fi òróró sí mi lórí rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe Èkó nìyẹn?"

Ìrìn àjò tí mo rìn kẹ́yìn ló là mí lójú, kì í sì í ṣe pé mo ń wá nǹkan kan. Aṣọ ni mo gbé, wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ aṣọ nínú báàgì méjì kó lè gba kílò tí wọ́n fún mi.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Salvador, olú ìlú Bahia, kò sí bàálù tó gbéra ní Èkó tó ń lọ síbẹ̀ tààrà. Ó lè gba Yúróòpù o, ṣùgbọ́n páàsípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tiwa yìí, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ máa béèrè físà lọ́wọ́ ẹ kí o tó lè jókòó sí ẹ́pọ́ọ̀tù wọn láti pààrọ̀ bàálù. O ò jáde síta, o ò rí ìlú, o ò ra bisikíìtì, àga lo fẹ́ jókòó lé, físà ni. Èyí ni mo ṣe ń gba Addis Ababa.

Aago méjì ọ̀sán la gbéra ní Ìkẹjà. Brazil wà ní ìwọ̀ oòrùn, bàálù kọjú sí ìlà oòrùn. Bí ìgbà téèyàn fẹ́ ti Ìkẹjà lọ sí Àgége tó kọ́kọ́ wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́. Wákàtí márùn-ún la fi fò dé Etiópíà, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù ń pa wá (ìlú yẹn wà lórí òkè tó ga ju 2,300 mítà lọ, ẹ má wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ síbẹ̀), mo fi báàgì ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí, mo sùn bí ẹni sùn ní gáréèjì. Nígbà tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago tiwọn, a wọ bàálù São Paulo.

Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí, ọmọ Íbò tí wọ́n bí sí Ìdúmọ̀tà, Yorùbá ẹnu ẹ̀ já gaara ju tèmi lọ, aṣọ lòun náà ń tà ní São Paulo. A sọ̀rọ̀ ọjà títí, a sọ̀rọ̀ dọ́là, oorun gbé wa lọ. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, mo kàn rí i tó ń fi ìgúnpá gbún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe Èkó nìyẹn?"

Mo rò pé fèrèsé ló ń nà sí. Tẹlifíṣàn kékeré tó wà lẹ́yìn àga iwájú ẹ̀ ló ń nà sí. Máàpù ló ṣí síbẹ̀, èyí tí èmi kì í wò, fíìmù ni mo máa ń wò ní tèmi títí ojú á fi wúwo. Bàálù funfun kékeré kan wà lórí omi, ìlà kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti Addis, ó la àárín Áfíríkà kọjá, ó gba Congo bọ́ sórí òkun. Lókè bàálù yẹn gan-an, bíi pé wọ́n fi rúlà gbé e, àmì tó-n-tó kan wà létí òkun, wọ́n kọ LAGOS sí i lára. Àwa wà nísàlẹ̀, Èkó wà lókè, a jọ wà lórí ìlà kan náà, bí ẹni méjì tó dúró ní òdìkejì títì tí wọ́n ń wo ara wọn.

Mo wo aago ọwọ́ mi. Mi ò tíì yí i padà látìgbà tí mo ti kúrò nílé, aago Èkó ló ṣì ń kà. Aago kan kọjá díẹ̀, ọ̀sán.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Aago méjì ọ̀sán àná ni mo kúrò ní Ìkẹjà. Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún. Nínú ẹ̀, mo ti wà lójú ọ̀run fún bíi wákàtí mẹ́wàá, mo ti jẹ oúnjẹ inú bébà, mo ti bọ́ bàtà fún àwọn tó ń yẹ èèyàn wò, mo ti sùn lórí àga onírin, gbogbo ohun tí mo wá fi rí jẹ kò ju pé mo ti padà dé ẹ̀gbẹ́ Èkó. Nǹkan bíi 1,500 kìlómítà ló wà láàárín èmi àti ilé màámi. Ìrìn àjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fojú ìlà máàpù yẹn wò ó, ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé.

Bọ̀ọ̀bọ́ yẹn ní, "Tó bá jẹ́ dánfó ni, màá ti pariwo 'ó wà o!'"

A rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin iwájú yíjú wò wá. Òun padà sun, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu mi, mo ń wo bàálù funfun yẹn bó ṣe ń fi Èkó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Màmá àgbà ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn, ọwọ́ tí wọ́n nà sí òkun yẹn. Mo wá rí i pé ibi tí ọwọ́ yẹn kọjú sí gan-an la ń lọ yìí, àmọ́ ẹ̀yìn àgbáyé la gbà débẹ̀.

Òwú pupa

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mi ò dúró kí n tú báàgì tán. Ọmọ mi ní glóòbù kan, máàpù ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ní ilé ìwé, mo lọ gbé e, mo já òwú pupa kan lára èyí tó ṣẹ́kù nínú òwú àwọn ahunṣọ mi, mo jókòó ti màámi lórí àga. Mo ní kí wọ́n bá mi fi èékánná tẹ orí òwú mọ́ Èkó. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n wá Èkó títí, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ibi méjì lórí nǹkan roboto, òwú ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ti na òwú náà kó le dan-in, kó má dẹ̀, ibi tó bá gbà, ibẹ̀ lọ̀nà. Àwọn awakọ̀ òfuurufú náà, ọ̀nà òwú yẹn ni wọ́n ń tọ̀ nígbà tí nǹkan kan ò bá dí wọn lọ́wọ́. Mo na òwú láti abẹ́ èékánná màámi dé London, mo ta kókó sí i níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gbọ́wọ́ kúrò o. Mo wá gbé kókó yẹn, mo yí i sí ìwọ̀ oòrùn, mo rọra nà án sórí omi lọ sí Salvador.

Ohun tó kù kí kókó yẹn tó kan Salvador, ìbú èso ìrẹsì kan ni.

Màámi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n nù ún lára ìró, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Tún un wọ̀n." Mo tún un wọ̀n. Ìrẹsì kan náà ni.

Mo wá fi nọ́ńbà gbè é lẹ́sẹ̀ torí èmi náà ò gba ojú mi gbọ́. Èkó sí London, bíi 5,000 kìlómítà. Èkó sí Salvador, bíi 5,100. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó tún wá dùn mí jù fún yín: Recife, ìlú ńlá mìíràn ní Brazil, lókè Salvador, bíi 4,500 kìlómítà péré ló jìn sí Èkó. Recife sún mọ́ wa ju London lọ!

Mo wá fi òwú tọ ọ̀nà tí èmi gbà. Èkó sí Addis, bíi 3,900. Addis sí São Paulo, bíi 9,900. São Paulo sí Salvador, bíi 1,400 àti díẹ̀. Ó lé ní 15,000 kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́ta tí mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, mi ò parọ́ níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta náà ni, kìkì pé ìrìn mi ni mo kà, mi ò ka ọ̀nà.

Àwọn kan á ní máàpù ilé ìwé ló tàn wá, pé máàpù yẹn máa ń na àwọn ìlú òyìnbó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Òótọ́ ni pé ó ń nà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má dá máàpù lẹ́bi lórí èyí. Lórí máàpù yẹn gan-an London jìn sí Èkó ju Salvador lọ, ẹ lọ wò ó. Ojú wa ń rí i lára ògiri kíláàsì látìgbà tí a ti wà ní pámárì, a ò kà á sí.

Dánfó kì í lọ síbi tí èrò ò sí

Mo bi ẹnì kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà pé kí ló dé tí kò sí èyí tó lọ tààrà. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé, ó ní, "Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Bàálù ò yàtọ̀ sí dánfó. Ẹni tó ra ọkọ̀ tó lè gbé bíi 250 èèyàn, ó fẹ́ kó kún, kó kún lọ, kó kún bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀. Tí èrò Bahia ò bá pọ̀ tó láti Èkó, wọ́n á kó wọn pọ̀ mọ́ èrò ibòmíràn ní ibùdókọ̀ ńlá kan, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pín wọn. Ọ̀ṣódì làwọn ìlú bíi Addis jẹ́ fún òfuurufú. Ẹni tó ń lọ sí Ìlúpéjú àti ẹni tó ń lọ sí Bàdágírì, Ọ̀ṣódì ni wọ́n ti máa pàdé, kò sí ohun tó kàn án pé ilé ẹnì kan wà ní ìdúró méjì péré sí ibi tó ti wọkọ̀.

Òfin tún wà nídìí ẹ̀. Láti 1944 tí àwọn orílẹ̀-èdè ti pàdé ní Chicago, wọ́n gbà pé ojú ọ̀run tó wà lórí ilẹ̀ oníkálukú, tiẹ̀ ni. Bàálù tó fẹ́ máa kó èrò láàárín ilẹ̀ méjì, ìjọba méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jọ fẹnu kò. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Ẹyẹ ni wọ́n sọ o, wọn ò sọ bàálù. Bàálù ń wá ìwé àṣẹ.

Ọ̀nà London, ìjọba òyìnbó ló kọ́kọ́ là á, gómìnà wọn, lẹ́tà wọn, ilé ìfowópamọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ wa lọ kàwé, àwọn nọ́ọ̀sì lọ ṣiṣẹ́, ìyá lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán. Ọ̀nà táa bá ń tẹ̀ kì í jìnnà lójú ẹni. Èyí tí a ò tẹ̀, igbó ló ń hù sí i, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ló wà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kìí ṣe pé wọn ò lè fò ó. Ní May 1930, ará Faransé kan, Jean Mermoz, gbé bàálù tó kó lẹ́tà láti Saint-Louis ní Senegal, ó gba orí òkun yìí kọjá, ó balẹ̀ sí Natal ní Brazil. Nǹkan bíi wákàtí 21 ló lò. Mo gbà pé ọ̀nà tiẹ̀ kúrú ju ti Èkó lọ, mo sì gbà pé kò gbé báàgì aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n 1930 o! Èmi tí mo wọ bàálù tó ní tẹlifíṣàn lẹ́yìn àga, 37.

Wọ́n ń rán ọmọ wá sí Èkó wá kàwé

Kì í ṣe pé ọ̀nà yìí ò dán rí. Ìyẹn gan-an ni màmá àgbà ń sọ.

Mi ò ní tún ìtàn ẹrú sọ níbí, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rántí pé àwọn ọkọ̀ tó kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia kò gba Ọ̀ṣódì kankan. Wọ́n máa ń sọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè bá atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ sí ìwọ̀ oòrùn pàdé, ó di ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Oṣù kan, ó lé díẹ̀ nígbà míì. Nígbà tó jẹ́ pé èèyàn lọjà, ọ̀nà ọ̀hún tọ́ gbọnrangandan. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n lè fi gbogbo ẹnu yin ọ̀nà tààrà.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó ti gba òmìnira gbà á padà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí wa dá sílẹ̀ ní Salvador ní January 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, ẹ̀rù ba àwọn míì, ọ̀pọ̀ wọkọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn tó bọ̀ ni wọ́n kọ́lé sí Campos àti Bámgbóṣé Street, ni wọ́n di Àgùdà. Wọn ò sì já okùn. Obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ ń tibí lọ, tábà àti ọtí ìrèké ń tọ̀hún bọ̀. Títí di òní, aṣọ tí àwọn ìyá olórìṣà máa ń dá sí èjìká ní Bahia, pano da costa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni aṣọ etí òkun. Etí òkun tí wọ́n ń wí, tiwa níbí ni. Aṣọ yẹn náà ni èmi gbé sínú báàgì méjì o, mo kàn ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti ń ṣe kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ẹni tí mo máa ń rò jù nínú wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim. Salvador ni wọ́n bí i sí ní 1859. Ní 1875, ó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé nígbà náà, bàbá ẹ̀ mú un wá sí Èkó, ó fi í sí ilé ìwé àwọn mísọ́nnárì. Ó lo nǹkan bí ọdún mọ́kànlá níbí kó tó padà ní 1886, ó wá di babaláwo ńlá ní Bahia. Ẹ dúró rò ó wò. Bàbá kan jókòó ní Salvador, ó ń ronú ibi tó dáa tí ọmọ òun lè lọ kàwé, Èkó ló wá sí i lọ́kàn. Bí àwa ṣe ń rán tiwa lọ sí London ni òun ṣe rán tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Oṣù kan lójú omi kò sì jọ ọ́ lójú pé ó jìnnà.

Ní 1890, Gómìnà Moloney ti Èkó gbìyànjú kí ọkọ̀ ojú omi elérò máa lọ láàárín Èkó àti Brazil tààrà. Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Òwò ti yí orí sí Liverpool, owó tó wà lọ́nà Bahia ò kún ọkọ̀. Mo ka ìyẹn, mo rántí èyí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ìyá tó wà lódìkejì

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Ní Salvador, ìyá àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà mi gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ojú ọmọ, ó gbóòórùn ẹ̀. Potogí mi ò tó nǹkan, ọmọ ẹ̀ ló ń túmọ̀ fún wa. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí lẹ́yìn tó kí mi káàbọ̀: Èkó jìnnà gan-an, àbí? Ó ní wákàtí mélòó ni mo lò. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní lójú òun, Áfíríkà ti jìn ju ọ̀run lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn gan-an, obìnrin kan wọ aṣọ funfun, ó gbé agbada epo kaná, ó ń din àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, "àkàrà jẹ" ni. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé e síta. Èéfín epo pupa yẹn gbé mi, mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ìlú tí mo wà fún ìṣẹ́jú kan.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún màámi bí wọ́n ṣe ń wé òwú yẹn mọ́ ìka. Mo sọ fún wọn pé ní August 2025, Ààrẹ Tinubu lọ sí Brasília, ìjọba méjèèjì sì tọwọ́ bọ ìwé lórí bàálù tó máa lọ tààrà. São Paulo ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe Bahia, São Paulo sì tó bíi 6,350 kìlómítà, bíi wákàtí mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n fi São Paulo sílẹ̀ ná. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ sí Bahia gangan, tí mo bá gbéra ní aago méjì ọ̀sán bí ìwọ ṣe gbéra, ìgbà wo ni màá dé?"

Mo ṣírò ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, bíi ti London. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ nìyẹn níbí, tiwọn sì fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa. Mo ní, "Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, Màámi. Ọjọ́ yẹn náà."

Wọ́n wo glóòbù yẹn, wọ́n tún fi èékánná tẹ Èkó.

"Àkàrà ò tíì tán nígbà yẹn."